Àpótí Tó Ń Pè Wá Lórúkọ

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé inú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni wọ́n ti tọ́ òun dàgbà, àánú rẹ̀ máa ń ṣe mí. Ilé tiwa ní Ajégúnlẹ̀ kì í dákẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni Mama Tega, ayálégbé wa tó ń gbé yàrá iwájú, ti ń gbo ìkòkò rẹ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ omi, tí jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ń wúkọ́ kó tó gbá, tí fèrè tírélà ń dún láti ọ̀nà Tin Can, tí àwọn ìbejì tó tẹ̀ lé mi, Táíwò àti Kẹ́hìndé, sì ń jà lórí ẹni tí yóò kọ́kọ́ wẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ariwo yìí, ọmọdé ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohùn Ìyá Àgbà, ìyá tó bí ìyá mi. Ẹ̀wà àgànyìn ni Ìyá Àgbà tà fún àwọn awakọ̀ tírélà ní gbogbo ìgbà tó fi lágbára, níbi tí ọkọ̀ ti ń tò gẹ̀ẹ̀rẹ̀ de àtiwọ ibùdókọ̀ ojú omi. Ẹni tó bá fẹ́ tajà láàárín fèrè tírélà, ohùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ ga ju fèrè lọ, ohùn tirẹ̀ sì ga jù ú lọ lóòótọ́. Ó lè wà nídìí ààrò lẹ́yìnkùlé kó pe Táíwò, kí Táíwò sì dáhùn láti ìparí àdúgbò, níbi tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù tí wọ́n ní kó má gbá. Kì í pe orúkọ lẹ́ẹ̀mejì. Ká tó lè sọ pé a ò gbọ́, ó di kí gbogbo àdúgbò kọ́kọ́ bá wa purọ́.

Ọdún tí mò ń sọ yìí ni ọdún tí ohùn náà lọ. Kókó kan ló yọ sí i lọ́nà ọ̀fun. Àwọn dókítà yọ kókó, wọ́n sì bá a yọ ohùn. Nígbà tó dé láti ọsibítù, ara rẹ̀ le, ó ń jẹun, ó ń fi ojú báni wí bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, àní ó ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò ní ohùn mọ́, èjìká rẹ̀ nìkan ló máa ń mì. Àwa ọmọdé kọ́kọ́ rò pé ọdún ìgbádùn dé, nítorí kò sí ẹni tí yóò máa pè wá lẹ́nu eré. Kò pẹ́ tí ilé fi bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi jù fún wa. Mo rántí pé mo jókòó lẹ́yìnkùlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, eré ti sú mi, tí mò ń retí kí ẹnì kan pariwo orúkọ mi, ẹnì kankan ò sì pè é. Mo sunkún lọ́jọ́ náà láì mọ ohun tí mò ń sunkún sí.

Ohun tó da ọ̀rọ̀ rú ni ọṣẹ. Ìyá Àgbà tẹ ọṣẹ mọ́lẹ̀ nílé ìwẹ̀, ó yọ̀, ó jókòó síbẹ̀, kò lè dìde, kò sì lè pe èèyàn. Àwa wà níwájú ilé, à ń pariwo lórí bọ́ọ̀lù. Ìgbà tí màmá mi ti ibi iṣẹ́ dé láti Àpápá, níbi tó ti ń bá àwọn tó ń gba ẹrù jáde lọ́wọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì, ló tó bá a níbẹ̀. Kò ṣèṣe, inú ló bí i. Ṣùgbọ́n ìròyìn dé Ìbàdàn, ọ̀dọ̀ àkọ́bí rẹ̀, ẹ̀gbọ́n màmá mi, tí àwa ń pè ní Bàbá Ìbàdàn. Èèyàn gidi ni Bàbá Ìbàdàn, àfi pé ó fẹ́ràn àtimáa bá gbogbo ayé ṣètò ayé wọn. Ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, Alàgbà ni wọ́n ń pè é. Níbi iṣẹ́, Ọ̀gá. Lẹ́nu ìyàwó rẹ̀, Dádì. Ìyá Àgbà nìkan ló ń pè é ní Àjàní, bó bá sì pè é lórí fóònù nígbà tó ṣì ní ohùn, àwa gbà pé fóònù ò wúlò, Ìbàdàn á ti gbọ́ ọ. Bàbá Ìbàdàn pe màmá mi, ohùn rẹ̀ sì gba gbogbo pálọ̀.

"Màmá ò lè máa dá wà nílé mọ́. Bí ilé ìwé bá ti gba ìsinmi, mò ń bọ̀ wá gbé wọn."

"Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, inú wọn ò dùn sí i. Ilé wọn nìyí, ilé tí Bàbá kọ́ fún wọn."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ò lè pe èèyàn, ta ló fẹ́ dá a lóhùn? Ọjọ́ tí wọ́n bá lè pe èèyàn tí èèyàn sì dáhùn, ká tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ."

Ìyá Àgbà gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó dìde, ó lọ jókòó sórí àpótí ìdáná lẹ́yìnkùlé, ó kẹ̀yìn sí wa. Ẹ̀rù bà mí. Mi ò mọ ilé wa láìsí Ìyá Àgbà, mi ò sì fẹ́ mọ̀ ọ́n.

Agogo ni a kọ́kọ́ rà fún un, agogo ọlọ́wọ́ bíi ti ilé ìwé. Ó mì ín lọ́jọ́ kìíní, gbogbo wa sáré jáde sí títì pẹ̀lú ọmọ àdúgbò, nítorí irú agogo yẹn náà ni ọkùnrin tó ń fi kẹ̀kẹ́ ta áìsìkirímù ń mì. A wá a títí, a ò rí i. Nígbà tí a padà wọlé, Ìyá Àgbà di agogo mú, ó ń wò wá. Lọ́jọ́ kejì, áìsìkirímù dé lóòótọ́, àwa sì sáré lọ bá Ìyá Àgbà pé "Ẹ̀ẹ́n mà!" Áìsìkirímù kọjá lọ. Èyí ló bí Táíwò nínú jù. Ìyá Àgbà fúnra rẹ̀ ò fẹ́ agogo. Ó fi ọwọ́ ṣàlàyé fún màmá mi pé òun kì í ṣe ọ̀gá ilé ìwé, àti pé òun fẹ́ mọ ẹni tí òun ń pè.

Àbúrò màmá mi, Àǹtí Fúnkẹ́, ló gba ọ̀rọ̀ náà kanrí. Àǹtí Fúnkẹ́ ń gbé yàrá kan pẹ̀lú wa, ó ń ṣiṣẹ́ ní Àpápá, níbi tí wọ́n ti ń tún ẹ̀rọ inú àwọn kòńténà oníyìnyín tó ń gbé òkú Èkó wọlé ṣe, kí ẹja má bàa jẹrà lójú omi. Àpò rẹ̀ kún fún àwọn pátákó iná tí wọ́n ti yọ dànù. Orin kì í tán lẹ́nu rẹ̀, kò sì sí èyí tó bá ohùn mu nínú wọn, èyí sì ya gbogbo wa lẹ́nu nígbà tó wá jẹ́ pé òun ló padà ṣe ohun tó ṣe. Lọ́sàn-án Sátidé kan, mò ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá tí olùkọ́ Yorùbá fún wa: ká fi àmì ohùn sórí orúkọ gbogbo ará ilé wa, ká sì fi dò, re àti mí kọ wọ́n. Mò ń ka tèmi sókè: Táíwò, mí mí dò. Kẹ́hìndé, mí dò mí. Ìyá Àgbà ń mu tíì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó fi ṣíbí gbá ẹnu ife, ó mu tíì díẹ̀, ó tún gbá a, ife náà sì dún yàtọ̀. Ó gbá ife tirẹ̀ pọ̀ mọ́ ti màmá mi, ó ń yan èyí tó dún nísàlẹ̀ àti èyí tó dún lókè. Mo gbọ́ ọ kedere: dò dò mí. Mo dáhùn kí n tó rò ó. "Ẹ̀ẹ́n mà! Èmi rèé!" Àṣàkẹ́, orúkọ mi, ló ń pè. Èjìká Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Àǹtí Fúnkẹ́, tó ń di irun lọ́wọ́, dìde pẹ̀lú ìdajì orí.

"Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí mo gbọ́?" ló wí. "Ohùn mẹ́ta péré la nílò! Ohùn mẹ́ta! Yorùbá ti bá wa ṣe ìyókù!"

Ìdajì orí yẹn wà bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ Mọ́ńdè. Àǹtí kó àwọn pátákó rẹ̀ jáde, ó to wáyà sórí tábìlì oúnjẹ, a wá ń jẹun nílẹ̀. Ó jó nǹkan mọ́ nǹkan, òórùn rẹ̀ gba ilé kan. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni ẹ̀rọ kékeré kan tó ń súfèé. Bí fóltéèjì, ìyẹn agbára iná, tó wọ inú rẹ̀ bá ga, súfèé á ga, bó bá wálẹ̀, súfèé á wálẹ̀. Ó wá fi bọ́tìnì mẹ́ta sí ojú àpótí onígi tí wọ́n kó kálámù sí tẹ́lẹ̀, ìkọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ohun tí wọ́n máa ń yí lára rédíò kí ohùn lè lọ sókè tàbí sísàlẹ̀, ó yí ọ̀kan sí dò, ó yí ọ̀kan sí re, ó yí ọ̀kan sí mí. Ìyá Àgbà tẹ mí mí dò, Táíwò dìde. Ó tẹ mí dò mí, Kẹ́hìndé dìde. Ó tẹ dò dò mí, èmi àti àbúrò wa tó kéyìn dìde papọ̀, nítorí Ìdòwú lorúkọ tirẹ̀, dò dò mí náà sì ni. A torí èyí jà. Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà ò rí àléébù kankan nínú rẹ̀. Ó ń pe ẹnì kan, ó ń rí ẹni méjì rán níṣẹ́.

Ayọ̀ yẹn ò pẹ́. Àwọn ohun yíyí ara rédíò yẹn ti gbó, bí èèyàn bá fi ìgbónwọ́ kan tábìlì, wọ́n á ṣí nípò. Bí oòrùn bá gba ojú fèrèsé wọlé sí wọn lára, ohùn wọn á yàtọ̀. Bí ńépà bá mú iná wá, ohùn á fò sókè, bó bá rẹlẹ̀, ohùn á rẹlẹ̀. Ọjọ́ kan wà tí Ìyá Àgbà ń jẹ ẹ̀bà, ọbẹ̀ sì tán nínú abọ́ rẹ̀. Ó tẹ re dò. Ọbẹ̀. Àmọ́ re ti rẹlẹ̀ kọjá dò láì sọ fún ẹnì kankan, ohun tí a gbọ́ ni dò re. Kẹ́hìndé sáré gbé ọ̀bẹ wá. Ìyá Àgbà wo ọ̀bẹ, ó wo ẹ̀bà, ó tún tẹ̀ ẹ́. Táíwò rò pé ọ̀bẹ yẹn kéré ni, ó lọ gbé èyí tí wọ́n fi ń gé ẹran Iléyá wá láti ọ̀dọ̀ aládùúgbò. Ìyá Àgbà fi gbogbo ọwọ́ tẹ àpótí. Ìdòwú wá ṣílẹ̀kùn pẹ̀lú àdá. Mama Tega tó ń kọjá rí Ìyá Àgbà láàárín ohun ìjà pẹ̀lú abọ́ ẹ̀bà níwájú rẹ̀, ó da ọwọ́ borí.

"Mama! Who wan kill you? Abi na you wan kill person?"

Màmá mi dé, ó bu ọbẹ̀. A rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn wá, àmọ́ Ìyá Àgbà kò bá wa rẹ́rìn-ín, ó ti àpótí náà sẹ́yìn. Nígbà náà ló yé mi pé ọ̀rọ̀ náà ju eré lọ. Bí àpótí yìí bá lè sọ ọbẹ̀ di ọ̀bẹ, kí ni yóò sọ fún Bàbá Ìbàdàn lọ́jọ́ tó bá dé? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro bí ilé ṣe máa rí tí àpótí ìdáná lẹ́yìnkùlé bá ṣófo. Ìsinmi ilé ìwé sì ń bọ̀.

Láti ọjọ́ yẹn ni orúkọ tuntun kan ti wọ ilé wa. Àǹtí Fúnkẹ́ á wà lórí fóònù pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́: "PWM nìkan ló lè ràn mí lọ́wọ́. Tí PWM bá ti dé, ọkàn mi á balẹ̀." Ìdòwú, tí ọ̀rọ̀ kì í dúró nínú rẹ̀, lọ sọ fún Mama Tega pé Àǹtí wa ti rí ọkọ, pé Bọ̀dá Píìdọ́bù lorúkọ rẹ̀, ó sì máa dé láìpẹ́. Mama Tega ò fi falẹ̀.

"Fúnkẹ́, my dear, congrats o! Dis Mr. Píìdọ́bù, wetin im dey do for work?"

Àǹtí Fúnkẹ́ dá a lóhùn láìrẹ́rìn-ín pé, "Na to dey on, dey off, Ma. Na the only work e sabi." Mama Tega ní kí ó sá fún irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀.

Bí Àǹtí ṣe ṣàlàyé PWM fún wa ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ọdún náà, àti lónìí tí iṣẹ́ fóltéèjì ti di iṣẹ́ òòjọ́ èmi náà, mi ò tíì gbọ́ èyí tó dùn tó o. Ẹnu ẹ̀rọ omi ilé wa ti bàjẹ́ nígbà náà. Bó bá ṣí, ó ṣí gbayawu, bó bá tì, ó tì pa, kò mọ díẹ̀díẹ̀. Àǹtí gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì tó lu nídìí sábẹ́ rẹ̀, ó fi èédú fa ìlà sáàárín bọ́kẹ́ẹ̀tì náà. Ó ní kí a mú omi dé orí ìlà yẹn, kó sì dúró síbẹ̀, kó má lọ sókè, kó má lọ sísàlẹ̀. Táíwò ṣí ẹ̀rọ, omi kọjá ìlà, ó tì í, omi jò dànù.

"Kò ṣe é ṣe, Àǹtí."

"Ó ṣe é ṣe. Máa ṣí i, máa tì í. Má sinmi. Kẹ́hìndé, máa pè é fún un."

"Ṣí i! Tì í! Ṣí i! Tì í!"

Omi ń ta sí wa lára, Ìdòwú ti bọ́ aṣọ, Ìyá Àgbà fa àga rẹ̀ súnmọ́ wa. Bí Táíwò ṣe ń yára tó, bẹ́ẹ̀ ni omi ń súnmọ́ ìlà, tó ń wọlé, tó ń jò, títí tó fi dúró. Ó dúró! Ẹ̀rọ tí kò mọ ju ṣíṣí àti títì lọ ti gbé omi sí àárín gbùngbùn. A hó yèè. Àǹtí ní kí ni ká ṣe bí òun bá fẹ́ kí omi ga díẹ̀ sí i. Kẹ́hìndé ló dáhùn pé kó pẹ́ díẹ̀ ní ṣíṣí ju bó ṣe ń pẹ́ ní títì lọ. Àǹtí gbé e sókè, ó yí i ká.

"Ó parí! Ohun tí PWM ń ṣe nìyẹn. Ṣíìpù, ẹ̀rọ tíntín tí mo mú wá yìí, nǹkan méjì péré ló mọ̀: iná wà, iná ò sí."

"Bíi ńépà," ni Táíwò wí, omi ń kán lójú rẹ̀.

"Bíi ńépà gan-an! Ṣùgbọ́n èyí mọ ìgbà tó máa mú un wá, ó mọ ìgbà tó máa mú un lọ, kì í sì í yẹ̀. Ìyẹn la ṣe lè fi iṣẹ́ rán an. Bí omi yìí ṣe ga tó, bẹ́ẹ̀ ni fóltéèjì ṣe máa ga, súfèé á sì tẹ̀ lé e."

Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín sí èyí títí tó fi ní láti di apá àga mú.

Síbẹ̀, ẹnu dùn ún ròfọ́. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ti inú àpótí jẹ́ agolo kékeré kan tó ń gba iná pa mọ́, tó sì ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Agolo àkọ́kọ́ tí Àǹtí lò kéré jù, omi inú rẹ̀ ń fò sókè fò sísàlẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ṣí-i-tì-í, ohùn àpótí wá ń gbọ̀n bí ẹni tí òtútù mú. Àǹtí bá fi agolo ńlá dípò rẹ̀. Ohùn dúró, kò gbọ̀n mọ́, ó dùn mọ́ wa. Ìyá Àgbà tẹ mí dò mí. Àpótí bẹ̀rẹ̀ lókè, ó rọra ń wọ́ sísàlẹ̀, kó tó dé ibẹ̀ ó ti ń wọ́ padà sókè. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá kì í tètè kún, kì í sì í tètè gbẹ. Kò pe Kẹ́hìndé rárá. Ewúrẹ́ tí ebi ń pa ni a gbọ́. Kẹ́hìndé ní òun ò ní dáhùn. Ìyá Àgbà fi ìka méjì di etí. Ó nawọ́ sí àpótí, ó wá fa ìka gùn lójú afẹ́fẹ́, ó mi orí: ó ń wọ́ ọ̀rọ̀. Ẹni tí ò lè sọ̀rọ̀ ló mọ bí ó ṣe yẹ kí ọ̀rọ̀ rí ju gbogbo wa lọ. Yorùbá ò gbà kí ohùn máa yọ́ lọ yọ́ bọ̀. Ibi tó yẹ kó wà ni kó bọ́ sí, gbágbá.

Àǹtí jókòó ti àpótí yẹn ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ tó bá ti dé láti Àpápá, kò kọrin mọ́, a fi mọ̀ pé nǹkan ò dára. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí. Mo bi í bóyá ká kúkú fi Ìyá Àgbà pa mọ́ sọ́dọ̀ Mama Tega lọ́jọ́ náà. Ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní ká lọ tún bọ́kẹ́ẹ̀tì gbé. Lọ́tẹ̀ yìí, bọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré ló lò, ó ní kí Táíwò yára ju bó ṣe yára tẹ́lẹ̀ lọ. Táíwò ní ọwọ́ òun ò lè yára jù bẹ́ẹ̀. Àǹtí dúró. Ó ní, "Tìrẹ ò lè yára jù bẹ́ẹ̀. Ti ṣíìpù lè yára." Ó sáré wọlé, ó fi omi sílẹ̀ ní ṣíṣí, a sì jẹ ẹgba nítorí omi tó ṣòfò. Ohun tó ṣe kò ju pé ó jẹ́ kí ṣíìpù máa tan, máa pa, kíá kíá kíá, débi pé agolo kékeré tó o, ó sì fi agolo kékeré méjì tẹ̀ lé ara wọn, kí èkejì lè gba ìwọ̀nba ìgbọ̀n tó ṣẹ́kù. Ó wá fi nǹkan kékeré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan sẹ́nu ọ̀nà iná. Bí ńépà pọ̀, bí ńépà kéré, iye kan náà ni yóò gbé fún ṣíìpù. Nígbà tó parí, kò sọ fún wa. A wà lẹ́yìnkùlé, à ń ṣa ẹ̀wà, a gbọ́ ọ láti inú ilé, ohùn mẹ́ta tó mọ́ tónítóní, tí ìkọ̀ọ̀kan bọ́ sí àyè rẹ̀: mí mí dò. Táíwò da ẹ̀wà nù kó tó dìde.

Báyìí ni ilé wa ṣe padà di ilé. Ìyá Àgbà ò fi àpótí náà sílẹ̀. Ó ń pè wá nítorí omi, ó ń pè wá nítorí bàtà, ó ń pè wá lẹ́nu bọ́ọ̀lù láìsí ìdí, ká ṣáà lè sáré wá, kó sì juwọ́ pé ká padà. Ó ń fi í bú wa, a sì mọ èébú wo ni. Màmá mi ní òun ò rí ohun tó dín kù nínú ariwo ilé yìí, inú rẹ̀ sì dùn tó fi jókòó sunkún díẹ̀.

Bàbá Ìbàdàn dé lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi, pẹ̀lú àpò ìrìnàjò tuntun tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀, fún ẹrù Ìyá Àgbà. Nígbà tí mo rí àpò yẹn tó dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo lọ jókòó ti Ìyá Àgbà. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀, ó jẹ ìrẹsì, ó yin ọbẹ̀, ó wá nu ẹnu.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká máa palẹ̀ mọ́. Mi ò fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú sí wa lọ́nà."

Ìyá Àgbà gbé àpótí sórí itan. Bí mo bá ní kí n purọ́, mi ò lè pa èyí tó dára ju ohun tí ńépà ṣe lọ: bó ṣe fẹ́ tẹ̀ ẹ́ ni iná dé, fáànù yí, iná tún lọ, jẹnẹrétọ̀ ilé kejì bú sókè, iná tún dé. Àǹtí Fúnkẹ́ di ojú. Ìyá Àgbà tẹ̀ ẹ́. Mí dò mí. Kò yẹ̀, kò wọ́. Kẹ́hìndé wọlé láti ẹ̀yìnkùlé, ó ní, "Ẹ̀ẹ́n mà." Ìyá Àgbà tọ́ka sí ife, Kẹ́hìndé gbé omi wá fún Bàbá Ìbàdàn. Bàbá Ìbàdàn rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní ẹ̀rọ yìí dára o, ó dára gan-an, àmọ́ pé ohun ìṣeré ọmọdé ni, ẹni tó wà nílé ìwẹ̀ kò ní ráyè máa tẹ bọ́tìnì. Àǹtí ní òun ti fi bọ́tìnì síbẹ̀ náà. Bàbá Ìbàdàn ní, "Fúnkẹ́, má bínú, mo ti pinnu."

Ìyá Àgbà tẹ dò dò mí.

Èmi àti Ìdòwú dìde papọ̀, a ní, "Ẹ̀ẹ́n mà." Ìyá Àgbà juwọ́ sí wa pé ká jókòó. A jókòó. Ó tún tẹ̀ ẹ́, dò dò mí, a tún dìde, ó tún juwọ́, ojú rẹ̀ ò sí lọ́dọ̀ wa rárá. Ojú ọmọ rẹ̀ ló ń wò. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ó rọra tẹ̀ ẹ́, ó jẹ́ kí mí gùn díẹ̀ nígbẹ̀yìn, bó ṣe máa ń fà á lórí fóònù láyé ìgbà tó ní ohùn. Bàbá Ìbàdàn gbé ife sílẹ̀. Alàgbà lọ, Ọ̀gá lọ, Dádì lọ. Ó bọ́ sílẹ̀ lórí àga, ó kúnlẹ̀ bí ọmọdé, kò rántí pé ọkùnrin kì í kúnlẹ̀.

"Ìyá mi," ló wí. "Èmi rèé. Èmi Àjàní rèé."

Mama Tega, tó ti wà lójú fèrèsé látàárọ̀, ń fi ìró nu imú. Bàbá Ìbàdàn fi ọwọ́ nu ojú, ó wo àpótí náà, ó wo ìyá rẹ̀.

"Mi ò mọ̀ pé mo máa tún gbọ́ ọ," ló wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún mi pè."

Ìyá Àgbà wò ó. Èjìká rẹ̀ ti ń mì. Ó gbé ìka sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀: mí mí dò. Táíwò sáré wọlé pẹ̀lú bọ́ọ̀lù lábẹ́ apá. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, Bàbá Ìbàdàn ló rẹ́rìn-ín jù, omi ṣì wà lójú rẹ̀. Àpò ìrìnàjò yẹn ò padà sí Ìbàdàn. Àgádágodo rẹ̀ ti bàjẹ́ báyìí, inú rẹ̀ ni mo ń tọ́jú àpótí náà sí, lẹ́yìn ikú Ìyá Àgbà. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó wà níbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín láìsí ohùn, ọmọ rẹ̀ sì ń bẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, ó tẹ dò, ó tún tẹ dò, ó wá tẹ mí. Èmi àti Ìdòwú jókòó jẹ́ẹ́, a jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ dáhùn.